Àmì Pupa Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe bí mi tó lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kó kọ́kọ́ jókòó ka àmì pupa mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà, nítorí mo rò pé ojú mi ló ń ṣe méjì-méjì. Mẹ́tàdínláàádọ́ta náà ni wọ́n, ẹ̀gbẹ́ ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, ti Rilwan sì ni gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ wa rí. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá ń ṣìṣe, tá ò sì mọ ibi tó ti ń ṣì í, a máa ń fi àmì pupa róbótó kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tá a bá ń fura sí. Breakpoint là ń pè é. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ka ètò náà bọ̀, tó sì dé ibi àmì yẹn, dandan ni kó dúró, kó jẹ́ ká yẹ gbogbo ohun tó gbé dání wò. Bá a bá wò ó tán, a ó tẹ bọ́tìnì kan, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ohun tó dáa ni. Ẹyọ kan ni èèyàn ń fi sí i, bó bá pọ̀ jù, méjì. Ẹni tó fi mẹ́tàdínláàádọ́ta sí i, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń wá gan-an?

Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ aago méjì ọ̀sán ti lù, tó bá sì di aago márùn-ún, Salome, àbúrò mi kan ṣoṣo, àti Jude, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, máa jókòó níwájú alùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa ní Sùúrùlérè. Alùfáà náà ló máa sọ bóyá òun á ṣe ìkéde ìgbéyàwó wọn kẹta lọ́jọ́ Àìkú, tàbí òun ò ní í ṣe é.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, Salome ṣe àyẹ̀wò jẹnótáìpù, ìwé tí wọ́n fún un sọ pé AA ni. Lọ́jọ́ tí Jude dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, Jude ò fi ohunkóhun pa mọ́, ó ní AS lòun. Salome rẹ́rìn-ín, ó ní òun jẹ́ AA, kò séwu. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n kọ́ gbogbo ìfẹ́ ọdún mẹ́ta lé. Ní báyìí, ìjọ ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe, bí wọ́n ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbéra wọn níyàwó. Salome padà sí ilé àyẹ̀wò kan náà ní Àgùdà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ̀wé fún un. AS ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ní ilé tiwa, kò sẹ́ni tí wọ́n ń ṣàlàyé AS pẹ̀lú AS fún. Mọ́mì bí ọkùnrin kan ṣáájú èmi. Àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ló pa á, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi fúnra mi, AS ni mí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Salome mú ìwé AA yẹn wálé, Mọ́mì bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó jó, ó sì gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti fi dúpẹ́.

Salome ti lọ ṣe àyẹ̀wò kẹta ní ilé ìwòsàn ńlá kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èsì rẹ̀ máa jáde, alùfáà ò sì lè dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú mi ni wọ́n wá ń wò. Ìdí ni pé ilé iṣẹ́ wa ní Yábàá ló kọ ètò tí ilé àyẹ̀wò yẹn fi ń tẹ èsì jáde. Bí ìwé méjì bá ta kora, ọ̀kan nínú wọn irọ́ ni, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ètò wa ló pa irọ́ náà. Àdúrà mi ni pé kó jẹ́ AS ni irọ́. Ó tiẹ̀ ti dá mi lójú. Rilwan ló tún apá ìtẹ̀wé ètò náà ṣe lọ́dún tó kọjá, mi ò sì tíì rí ohun tí Rilwan fọwọ́ kàn tí kì í há.

Ọmọ dáadáa ni Rilwan o. Ó ń kíni, kì í gbó àgbà lẹ́nu, kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ń gbin àmì pupa bí ẹni ń gbin àgbàdo, bó bá sì ti gbìn ín, kì í kórè. Ibì kan náà ni gbogbo wa ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, àti iṣẹ́ àti àmì, nítorí náà ohun tí Rilwan bá gbìn, gbogbo wa là ń kọsẹ̀ lára rẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ sì wà. Ẹ̀gbọ́n Julius, ọ̀gá wa, ló ṣe é lẹ́yìn tí ẹnì kan yọ àmì ẹlòmíràn, tí ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n tẹ òfin náà gàdàgbà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ omi: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ àmì ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Rilwan wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó ti pa fóònù rẹ̀.

Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí n fi sùúrù ṣe é. Ilé àyẹ̀wò ti fi gbogbo àkọsílẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi. Èèyàn kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìwé AA tí Salome gbà lọ́jọ́sí, nọ́ńbà 417 ló wà. Ètò náà sì máa ń ka àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí ẹni àkọ́kọ́. Mo tan ètò. Ó dúró. Mo tẹ bọ́tìnì. Ó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́, mo wo nọ́ńbà tí mo wà, nọ́ńbà 6 ni. Mo fi ìṣirò sí i: mẹ́tàdínláàádọ́ta lọ́nà 417, ó ku díẹ̀ kó pé ẹgbàáwàá. Ẹgbàáwàá ìgbà ni wọ́n fẹ́ kí n tẹ bọ́tìnì kan kí aago márùn-ún tó lù. Mo dìde, mo gba ọ́fíìsì Ẹ̀gbọ́n Julius lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láṣẹ kí n yọ àwọn breakpoint Rilwan."

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Rilwan ńkọ́?"

"Ó lọ kírun Jímọ̀."

"Ṣebí ó máa dé? Ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, Mabel."

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbín ò ní ìpàdé ní aago márùn-ún!"

Wọ́n wá wò mí. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ Salome, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ ọ́n. "Oyá, má delete wọn. Disable wọn ni. Tó bá dé, ìwọ náà á tún tan gbogbo ẹ̀ padà. Nobody go vex."

Ìyẹn ni pé kí n má yọ àwọn àmì náà, kí n kàn pa wọ́n bí ẹni pa iná. Mo dúpẹ́, mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mo fi àmì tèmi kan sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ èsì, mo pa gbogbo àmì yòókù lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì tan ètò. Ó sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tí ajá ń lé, kò dúró níbì kankan. Mo ń wò ó ṣùù. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé nígbà tí mo ní kí gbogbo àmì kú, tèmi náà bá wọn kú.

Mo fi ọwọ́ gbá orí ara mi. Mo tan tèmi nìkan padà. Mo wá fi àdéhùn kan sí i, nítorí èèyàn lè sọ fún àmì pé kó má dá ẹnikẹ́ni dúró àfi ẹnì kan pàtó. Mo kọ ọ́ pé kó dúró bí nọ́ńbà bá jẹ́ 417. Mo tan ètò, ó dúró lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn! Mo wo orúkọ tó wà níbẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣẹ́nì, ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, nọ́ńbà 417. Mo ní kó máa lọ. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà, nọ́ńbà 417. Ẹni kẹta, 417. Àmì ìdọ́gba méjì ló yẹ kí n kọ, ẹyọ kan ni mo kọ nínú ìbínú. Èyí tó jẹ́ méjì ń béèrè pé ṣé 417 ni ẹni yìí, ẹyọ kan ń pàṣẹ pé kó di 417. Mo ti sọ gbogbo èèyàn inú àkọsílẹ̀ di Salome, títí kan bàbá arúgbó.

Ibi tí mo ti ń da àkọsílẹ̀ náà nù kí n tún òmíràn gbé ni fóònù mi dún.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti rí i?"

"Mi ò tíì rí i. Salome, má pè mí mọ́, èmi ni mo máa pè ọ́."

"Ẹ má bínú. Jude ló ní kí n béèrè. Ó ti wọ suit látàárọ̀."

Ọ̀rọ̀ suit yẹn dùn mí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Mo pa fóònù, mo sì rí i pé aago mẹ́ta àbọ̀ ti kọjá, Rilwan sì ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú ẹní ìkírun léjìká, ojú rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tí Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀.

Mo bú u. Mi ò ní í purọ́, mo bú u dáadáa. Mo ní ṣé àmì ló ń fi kọ́lé ni. Mo ní bí orí kò bá pé, kó sọ fún wa ká gbàdúrà sí i. Mo ní òun ló ba ètò jẹ́ lọ́dún tó kọjá, tó wá rọ òjò àmì sórí ibi tó bà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè rí i. Rilwan ká ẹní rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ tábìlì.

"Ẹ má bínú, Àǹtí Mabel. Ẹ jẹ́ kí n yọ wọ́n."

Ó jókòó sí ààyè mi, ó sì ń yọ wọ́n. Ṣé ẹ rò pé ó yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà? Lọ́kọ̀ọ̀kan ni! Bó bá dé ọ̀kan, á ka ìlà náà, á mi orí, á yọ ọ́. Mo ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yọ mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó wá ká ọwọ́ kúrò.

"Ó ku ọ̀kan," mo wí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èyí wà."

"Rilwan, yọ ọ́!"

"Ẹ bá mi fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ fi condition yín sí i, kó dúró lórí nọ́ńbà àbúrò yín nìkan. Tí kò bá wúlò, màá yọ ọ́."

Ọmọ yìí kò tíì bá mi jiyàn rí. Àárẹ̀ ló mú mi ju kí n máa jà lọ. Mo fi àdéhùn náà sí àmì rẹ̀, àmì ìdọ́gba méjì lọ́tẹ̀ yìí, mo sì tan ètò. Ó fò kọjá Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣẹ́nì, ó fò kọjá gbogbo wọn, ó dúró. Salome ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ pé, orúkọ bàbá wa wà níbẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí jẹnótáìpù wà, òfìfo ni. Ẹni tó ń tẹ èsì lọ́jọ́ náà kò tẹ nǹkan kan síbẹ̀. Bóyá iná lọ, bóyá ẹnì kan pè é, mi ò mọ̀.

Mo tẹ bọ́tìnì kí kọ̀ǹpútà gbé ẹsẹ̀ kan péré. Àyè òfìfo yẹn yí padà lójú mi, ó di AA.

Mo ka ìlà tí àmì náà wà. Ohun tó sọ ni pé bí àyè jẹnótáìpù bá ṣófo, kí ètò kọ AA.

"Ta ni wèrè tó kọ eléyìí?" Mo pariwo. "Rilwan, ta ló kọ ọ́?"

Rilwan ń wo bàtà rẹ̀. Mo ṣí ìtàn ètò náà, níbi tí orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń wà. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Mabel, ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ọjọ́ tí a gbé ètò náà lọ sí Àgùdà.

Mo wá rántí. Lọ́jọ́ náà, mo kọ́kọ́ fi SS sí àyè òfìfo, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, kí ẹni tó bá gbàgbé láti tẹ èsì lè rí i kó ta gìrì. Àǹtí Gertrude tó ni ilé àyẹ̀wò rí i lórí ìwé tí a fi dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò, orúkọ ọmọ wọn ni a sì lò. Wọ́n figbe ta. "Háà! Ẹ fi SS sórí orúkọ ọmọ mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ pa á rẹ́ kíá! Ohun rere ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀." Wọ́n fi ọwọ́ yí orí ká, wọ́n jù ú nù. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Mo sáré fi AA rọ́pò rẹ̀, èmi náà ń ṣe àmín bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé kí n tó kúrò níbẹ̀ màá yọ ọ́, kí ètò máà kọ nǹkan kan bí àyè bá ṣófo. Wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá, a jẹun, mo sì gbàgbé. Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú àbúrò mi lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo ń yangàn pé ètò tèmi ni wọ́n ń lò.

Mo yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wò. Ọwọ́ èèyàn ló tẹ AS síbẹ̀, ètò ò fọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tí à ń dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún mọ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì pupa Rilwan, mo rí àkọlé kékeré kan tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá: *Béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Mabel.*

"Kí ló dé tó ò béèrè?" Ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

"Mo béèrè, Àǹtí. Ẹ ní ṣé mo rò pé mo gbọ́n jù yín lọ ni. Ẹ ní kí n lọ jókòó."

Mo rántí ìyẹn náà. Mi ò rántí ohun tó béèrè lọ́jọ́ náà, nítorí mi ò jẹ́ kó béèrè é tán, ṣùgbọ́n mo rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ohun tí gbogbo àmì yòókù wà fún nìyẹn? Ìbéèrè ni gbogbo wọn?"

"Rárá o. Bíi mọ́kànlá ni. Àwọn yòókù, mo kàn gbàgbé wọn síbẹ̀ ni."

Ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ojú mi sì kún fún eérú. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo ẹni tí àyè rẹ̀ ṣófo tí wọ́n sì ti tẹ̀wé fún. Méjìdínlógójì ni wọ́n. Nọ́ńbà fóònù wọn wà níbẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tí mo pe Salome. Mo gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti débẹ̀.

"Àǹtí mi! Ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i."

"Èwo ni irọ́?"

Nínú iṣẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀ pọ̀. Mo lè sọ pé system ló ṣe é. Mo lè sọ pé bug ni, àṣìṣe ètò lásán. Rilwan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì ní í jà mí níyàn.

"AA ni irọ́. Èmi ni mo kọ ọ́, Salome. Wọn ò tẹ èsì rẹ rárá. Ètò ló kọ AA síbẹ̀, èmi ni mo sì ní kó kọ ọ́."



"Mọ́mì jó," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Àǹtí mi, Mọ́mì jó. Wọ́n gbé e lọ sí pẹpẹ."

"Mo mọ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

Mo gbọ́ Jude tó ń bi í léèrè pé kí ni wọ́n wí. Èmi ni Salome bi ní tirẹ̀: "Ṣé èmi nìkan ni?"

"Ẹ̀yin méjìdínlógójì ni."

"Láti ọdún márùn-ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn kan á ti fẹ́ra nínú wọn. Àwọn kan á ti bímọ." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má dúró bẹ̀ mí, Àǹtí mi. Ẹ lọ máa pè wọ́n." Ó sì pa fóònù.

Rilwan ti tẹ orúkọ wọn jáde. Ó gbé ìwé náà síwájú mi, ó fa àga tirẹ̀ súnmọ́ mi, ó mú fóònù ọ́fíìsì, ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó bi mí bóyá kí òun yọ àmì tó kù. Mo ní kó fi í síbẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé náà ni Lateefah, nọ́ńbà 12. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí n má baà ṣì í. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí obìnrin kan tó gbé e.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, ma. Ṣé Lateefah ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Ta ni?"

Mo gbọ́ ọmọ kékeré kan tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní kí n má bínú, ara ọmọ náà ni kò yá láti ìjẹta. Mo sọ orúkọ mi fún un.